Ọjọ́ Tí Mo Mu Omi Ọrọ́ ní Port Richmond

Mo rántí ìgbà tí mò ń gbé ní abẹ́ ilé kan ní Port Richmond, ní Staten Island, nínú yàrá kan tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá ní títì nìkan ni mo máa ń rí láti ojú fèrèsé. Mi ò tíì pẹ́ ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Bí mo bá jí, màá kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ wọn kí n tó mọ irú ọjọ́ tó jẹ́. Bí bàtà wọn bá tutù, òjò ló ń rọ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ń rọra gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tó ń jí nǹkan, yìnyín ti bo ilẹ̀ nìyẹn. Abọ́ ni mò ń fọ̀ ní ilé oúnjẹ kan ní Manhattan, èmi tí mo gboyè ní yunifásítì, tí mo sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé ọ́fíìsì ni mò ń lọ jókòó sí. Fẹ́rì, ọkọ̀ ojú omi, ni mò ń wọ̀ lọ, fẹ́rì ni mò ń wọ̀ bọ̀, omi ọṣẹ sì ti hun ọwọ́ mi jọ bí ọwọ́ arúgbó. Síbẹ̀, bí mo bá ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn ọ̀gá ni mo máa ń fi sọ̀rọ̀.

Ìyá onílé wa jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, opó ni, nọ́ọ̀sì sì ni. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, tó fi jẹ́ pé orin ló fi ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, orin náà ló fi ń bá èèyàn wí. Òkè ni òun ń gbé. Yàrá méjì tó wà nísàlẹ̀, ó fi ọ̀kan háyà fún mi, ó fi ìkejì háyà fún ọkùnrin bíríkìlà kan tó wá láti orílẹ̀-èdè Peru. Bíríkìlà yìí ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, kì í sì í pariwo. Òun ló tún àtẹ̀gùn iwájú ilé náà mọ nígbà tó wó, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì wu ìyá débi tó fi ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń lo ilé ìdáná. "Ẹmánò" ló máa ń pè mí, arákùnrin ni ìyẹn túmọ̀ sí ní èdè wọn. Ìyókù ọ̀rọ̀ wa, ọwọ́ àti ojú la fi ń sọ ọ́. Òfin kan ṣoṣo tí ìyá onílé fi lélẹ̀ fún àwa méjèèjì ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ bàtà kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ìgbà òtútù ọdún náà ni bàbá mi kú. Búrẹ́dì ni bàbá mi fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Irun kì í hù dáadáa lápá rẹ̀ nítorí iná ààrò tó ti ń jó o láti kékeré. Mi ò lè lọ sin ín, torí ìwé mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba, bí mo bá sì jáde, mi ò ní lè wọlé mọ́. Àbúrò mi obìnrin ló gbé fóònù sókè níbi sàréè kí n lè máa wò ó láti ọ̀nà jíjìn. Orí fẹ́rì ni mo wà, mò ń lọ síbi iṣẹ́. Mò ń wo pósí bàbá mi lórí fóònù, àwọn èèyàn ń mu kọfí lápá ọ̀tún, wọ́n ń sùn lápá òsì. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ pósí náà kalẹ̀ báyìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Mo dìde, mo na fóònù sókè, mo nà án síbí, mo nà án sọ́hùn-ún. Obìnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rò pé fọ́tò ni mo fẹ́ yà, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó sì yẹra kí n lè rí ère ńlá tó wà láàárín omi dáadáa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi máa padà dé, wọ́n ti ń bu ìrẹsì fún àlejò. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ ọkọ̀ ojú irin, mo dé ibi iṣẹ́, mo fọ abọ́. Mi ò sunkún. Mo gbà nígbà náà pé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ọkùnrin.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ikọ́ kan dé sí mi láyà, ikọ́ gbígbẹ tí kò gbóògùn. Mo ra oògùn olómi pupa, mo ra eléwé, mo fi àdí pa àyà. Ìyá onílé ní kí n lọ rí dókítà, mo ní "Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́mì," mi ò lọ.

Kí òtútù tó lọ tán, ìròyìn dé bá bíríkìlà náà pé ìyá rẹ̀ kú. Ti èmi ṣì sàn, torí pé mo ní ìwé tí mò ń retí. Òun ò ní ìwé rárá. Bó bá fi lè kúrò ní Amẹ́ríkà, ó ti lọ nìyẹn, ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n bí síbí á sì wà níbí láìní bàbá nítòsí. Ó máa ń súfèé tẹ́lẹ̀ bó bá ń dáná, ṣùgbọ́n kò súfèé mọ́. Mo kí i kú ara fẹ́ra kù ní gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo fọwọ́ kàn án léjìká, ó mi orí, a sì padà sídìí oúnjẹ wa.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ọrọ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ tó lè yéni. Nílé wa, ọgbà la fi ọrọ́ ṣe. Oje rẹ̀ funfun bíi wàrà, ó sì lè fọ́ ojú èèyàn. Ewúrẹ́ tó ń jẹ páálí àti aṣọ kì í sún mọ́ ọn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé Port Richmond, tí mo rí àwọn ará Mẹ́síkò tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha ẹ̀gún kúrò lára ọrọ́ pẹlẹbẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn èèyàn sì ń rà á lọ sílé bí ẹ̀fọ́, mo pe ìyá mi lórí fóònù. "Mọ́mì," mo ní, "wọ́n ń jẹ ọrọ́ níbí o." Ìyá mi ní, "Ọmọ mi, ṣé kò sí ìlú míì tó o lè lọ ni?" Ṣùgbọ́n bíríkìlà wa ra ọrọ́ náà lọ́jọ́ kan, ó din ín pẹ̀lú ẹyin àti àlùbọ́sà, ó bu tèmi fún mi. Mo jẹ ẹ́, mo fi búrẹ́dì nu àwo. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ara mi di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ọrọ́.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, tí àwa méjèèjì ò lọ síbi iṣẹ́, mo jáde nínú yàrá mi, mo bá bíríkìlà nídìí tábìlì ilé ìdáná. Ó ti tẹ́ bébà ìròyìn, ó sì gbé ọrọ́ kan lé e. Ọrọ́ yìí kì í ṣe pẹlẹbẹ bíi ti àwọn ará Mẹ́síkò. Ó gùn bí apá àgbàlagbà, ó dúdú bí ewé, ara rẹ̀ sì ní igun-igun bí egungun ìhà. Ìbátan rẹ̀ kan ló gbé e wá fún un láti Queens. Ó ti ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sórí àga kejì, bí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ń yọ ẹ̀gún rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò kánjú, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí i jẹ́jẹ́ ní èdè kan tí kì í ṣe Sípáníìṣì pàápàá.

Mo jókòó, mo mú ọ̀bẹ. Ó fọwọ́ bo ọwọ́ mi, ó fi hàn mí bí mo ṣe máa rọra bó o. A bó o, a gé e. Ojú ibi tí ọ̀bẹ bá gbà kọjá a máa dà bí ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé. Omi rẹ̀ ń yọ̀ lọ́wọ́ wa bí ilá. Nígbà tó yá, ó kó o sínú ìkòkò ńlá, ó bomi sí i, ó sì gbé e kaná, iná kékeré. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo abẹ́ ilé, òórùn ewé tútù tó ń hó. Ó yà mí lẹ́nu bí inú mi ṣe yọ̀ sí òórùn náà, torí pé òórùn àgbo ni, òórùn ilé ìyá ìyá mi.

"Oúnjẹ ni?" mo bi í.

"Rárá," ó ní. "Oògùn."

"Oògùn kí ni?"

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àyà. "Ibí yìí," ó ní. "Nítorí màmá mi."

Ọ̀rọ̀ yé mi lójú ẹsẹ̀, tàbí kí n sọ pé mo gbà pé ó yé mi. Oògùn àyà ni. Àìsàn àyà ló pa ìyá rẹ̀, oògùn tí ìyá náà ń lò ló ń sè láti fi rántí rẹ̀. Mi ò tún béèrè nǹkan kan mọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Èmi tí mo ti kàwé, kí ni mo fẹ́ béèrè?

Nígbà tí ọjọ́ fi ń lọ sọ́sàn-án, ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó sẹ́ ẹ, ó dé e, ó fi í sílẹ̀ kó tutù. Ó wọ ẹ̀wù rẹ̀ tó dára, ó ní òun ń lọ tan àbẹ́là fún ìyá òun ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà lókè òpópó, òun ń bọ̀. Kò sọ fún mi pé kí n má fọwọ́ kàn án. Ta ló máa rò pé ó yẹ kéèyàn sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà?

Bó ṣe jáde ni ikọ́ mú mi. Mo wú u títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wo ìkòkò. Nílé wa, àgbo tí ẹnì kan bá sè, àgbo gbogbo ilé ni. Mo bu ife kan. Ohun tí mo gbé mì lọ́jọ́ náà, ewúro ò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó korò, ó yọ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Bó ṣe ń korò tó ni mo ń gbà pé ó máa ṣiṣẹ́ tó. Mo fi ìka di imú, mo gbé e mu tán, mo sì tún fọ ife náà, torí pé ọmọlúàbí ni mí. Àwọn baba wa ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Wọ́n tún ní àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ní í mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Mo mọ òwe méjèèjì dáadáa. Mo lọ dùbúlẹ̀.

Inú rírun ló kọ́kọ́ dé. Mo sáré lọ sí ilé ìwẹ̀, mo bì, mo bì, mo rò pé ìfun mi fẹ́ jáde. Nígbà tí mo padà sílé ìdáná láti wá omi, mo rí i pé òdòdó tí wọ́n yà sára kápẹ́ẹ̀tì ń mí. Mo pa ojú dé, mo tún là á, wọ́n ṣì ń mí. Ariwo fìríìjì wọ inú egungun mi. Àyà mi ń lù kìkìkì. Mo jókòó sílẹ̀, mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo sì di ògiri náà mú, torí pé mo rò pé bí mi ò bá dì í mú, yóò lọ.

Bí ìyá onílé ṣe bá mi nìyẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, ó gbọ́ ìró èébì láti òkè.

"Kí lo jẹ?" ó ní.

"Mọ́mì, àgbo ni mo mu."

"Àgbo wo? Ta ló se àgbo nínú ilé yìí?"

Mo nawọ́ sí ìkòkò. Ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó kúnlẹ̀, ó la ìpéǹpéjú mi, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Kò kọrin.

Ibẹ̀ la wà tí bíríkìlà fi wọlé. Ó tẹ̀ ba, ó ń bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí òfin ilé ṣe wí, ó gbójú sókè, ó rí mi nílẹ̀, ó rí ìkòkò tí wọ́n ṣí sílẹ̀.

"Ẹmánò," ó ní jẹ́jẹ́, "ṣé o mu ún?"

Ìyá onílé yíjú sí i. "Kí lo sè sínú ilé mi?"

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó, ṣùgbọ́n ó sa gbogbo ipá rẹ̀. Ó ní ní agbègbè òkè tí wọ́n ti bí òun, bí ọ̀fọ̀ bá wọ èèyàn lára tí kò fẹ́ jáde, wọn a máa fún un ní omi ọrọ́ yìí mu. Ó máa ń jẹ́ kéèyàn rí ohun tí ojú lásán kì í rí, kó sì sun ẹkún tó ti dì sínú rẹ̀. Ó ní àgbà tó mọ̀ ọ́n ni í máa ń jókòó tini bí wọ́n bá fẹ́ mu ún. Wọn kì í fún aláìsàn. Wọn kì í fún ẹni tí kò mọ ohun tó ń mu. Òun fẹ́ mu ún nítorí ìyá òun ni.

"Ṣé o mọ̀ pé òfin ilẹ̀ yìí ò fàyè gbà á?" ìyá onílé bi í.

"Mo mọ̀, Mama."

"Ọmọ yìí ti ń wúkọ́ láti bí oṣù mélòó kan. Ó ti ń mu oríṣiríṣi oògùn. Bí ọkàn rẹ̀ bá dá iṣẹ́ dúró ńkọ́? Mo gbọ́dọ̀ pe áńbúláǹsì. Bí wọ́n bá sì bi mí ẹni tó sè é, mi ò ní purọ́."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Láàárín jìnnìjìnnì tó bá mi, mo mọ ohun tí gbólóhùn yẹn jẹ́ fún ọkùnrin tí kò ní ìwé. Mo retí pé yóò bẹ̀ ẹ́. Mo retí pé yóò sọ pé kí wọ́n jẹ́ ká dúró wò ó ná. "Ẹ pè wọ́n, Mama," ló sọ. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó, ó wọ bàtà rẹ̀, ó so okùn rẹ̀ dáadáa. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ó wá gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo wà nílẹ̀, ó jókòó sí i, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lórúnkún, bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó ń retí pé kí wọ́n wá mú òun. Ojú mi ń ṣe ségesège lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo rí ìyẹn kedere.

Ìyá onílé wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sáré gòkè lọ mú ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó so ó mọ́ mi lápá. Ó kọ́kọ́ tẹ nọ́ńbà àwọn tó ń gba ẹni tó bá jẹ májèlé nímọ̀ràn. Obìnrin kan ló dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ tutù. Ó béèrè ọjọ́ orí mi, ohun tí mo mu, ìgbà tí mo mu ún, oògùn tí mo ti lò mọ́ ọn, bí ọkàn mi ṣe ń lù. Ìyá onílé ń dáhùn bí nọ́ọ̀sì. Obìnrin náà ní kí wọ́n má fi mí sílẹ̀ lémi nìkan, kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ mi. Bí àyà bá ń dùn mí, tí gìrì bá mú mi, tí ara mi bá gbóná kọjá bó ṣe yẹ, tàbí tí mi ò bá dáhùn mọ́, kí wọ́n pe áńbúláǹsì lójú ẹsẹ̀. Òun náà yóò máa pè láti mọ bí mo ṣe ń ṣe sí. Kò béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ìyá onílé gbé fóònù kalẹ̀. Ó wo bíríkìlà. "Bọ́ bàtà rẹ," ó ní. Ọ̀rọ̀ náà ò yé e. Ó nawọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Bàtà. Kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà nínú ilé mi."

Mi ò lè sọ bí ọ̀sán náà ṣe gùn tó. Ẹ̀rù bà mí débi tí mo fi rò pé mo ti kú, pé wọ́n kàn ń fi ìwà pẹ̀lẹ́ pa á mọ́ fún mi ni. Mo rò ó pé ìyá mi máa gbọ́ pé ọrọ́ ni mo lọ mu ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ̀rù náà bá ti ń gòkè, bíríkìlà a fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. "Mo wà níbí," ó máa ń sọ. "Omi ni, ó ń ṣàn, ó máa kọjá." Ìyá onílé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lápá kejì mi pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì, ó ń fi imú kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì. Bó bá ti wọn ẹ̀jẹ̀ mi, yóò sọ iye rẹ̀ fúnra rẹ̀, yóò tún padà sórí orin.

Ìgbà tó yá ni mo gbóòórùn búrẹ́dì. Mi ò rí iwin, mi ò sì rí ọ̀run. Ọwọ́ bàbá mi ni mo rántí, bó ṣe máa ń po ìyẹ̀fun lórí tábìlì gígùn ní àárọ̀, tí yóò dá díẹ̀ sọ́tọ̀ kí n fi mọ ẹyẹ. Mo ti gbàgbé ẹyẹ náà pátápátá. Bó ṣe dé sí mi lọ́kàn báyìí ni ẹkún gbé mi. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Mo sọ ìtàn fẹ́rì fún wọn, mo sọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe lọ, mo sọ bí mo ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó yẹra fún mi. Yorùbá ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀, mo gbàgbé pé ẹnì kan kò gbọ́ ọ níbẹ̀. Ìyá onílé ń túmọ̀ díẹ̀díẹ̀ fún bíríkìlà, ohùn òun náà sì ń gé. Nígbà tó túmọ̀ débi tí wọ́n ti ń bu ìrẹsì fún àlejò, ọkùnrin náà bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i lọ́jọ́ náà pé ẹni mẹ́ta ló ń ṣọ̀fọ̀ nínú ilé yẹn, a kàn ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ara wa kọjá ni.

Bí ilẹ̀ ṣe fẹ́ ṣú, ògiri padà di ògiri. Ìyá onílé ro ẹ̀kọ fún mi, ó dúró tì mí títí mo fi mu ún tán. Bíríkìlà gbé ìkòkò náà fúnra rẹ̀, ó da gbogbo ohun tó kù sínú ihò omi ẹ̀gbin, ó fọ ìkòkò, ó dojú rẹ̀ dé. Ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ pé ó ti pẹ́ gan-an tó ti ń wá ọrọ́ yẹn. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀. Kò mọ ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́, ó rò pé mo tún ti ṣubú, ó sáré gbé mi. Nígbà tí mo ṣàlàyé pé ẹ̀bẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. "Màmá mi máa ń sọ pé ẹni tó ń ṣàìsàn ni ká fún loògùn," ó ní. "O ṣàìsàn jù mí lọ."

Mi ò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè lọ wá ọrọ́ mu. Ìyá onílé sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti rí ẹni tó mu irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí kò padà bọ̀ sípò. Ikọ́ mi pàápàá, kò lọ. Òun ló fà mí lápá lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kẹ́míkà tí mo fi ń fọ abọ́ ló ń dà mí láàmú. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó bá mi wá iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, àyà mi sì mọ́.

Ohun tí ìyá onílé sì ṣe fún bíríkìlà ni mi ò lè gbàgbé. Ó bínú sí i, kò fi pa mọ́. Ó ní bó bá tún se irú ẹ̀ nínú ilé òun, kó kó ẹrù rẹ̀. Bó ṣe sọ ìyẹn tán ló bi í pé, "Kí lorúkọ ìyá rẹ?" Ọkùnrin náà sọ ọ́. Ó ní kó mú fọ́tò rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, kí èmi náà mú ti bàbá mi, torí pé ọ̀fọ̀ kì í ṣe ẹrù tí èèyàn ń dá gbé. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, nínú pálọ̀ rẹ̀ lókè, ó gbé fọ́tò ìyá bíríkìlà, ti bàbá mi, àti ti ọkọ rẹ̀ tó ti lọ, sórí tábìlì kan náà. Ó kọrin, mo gbè é. Bíríkìlà gbàdúrà ní èdè òkè wọn, kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀, àwa méjèèjì sì ṣe àmín. Lẹ́yìn náà a jẹ ìrẹsì. Mo jẹ ẹ́ dáadáa.

Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Ìwé mi jáde, mo lọ sílé, mo dé ìdí sàréè bàbá mi, mo sì bá ìyá mi láàyè. St. Albans, ní Queens, ni mò ń gbé báyìí pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ìyá onílé ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí Ìjẹ̀bú, ó ṣì ń bá mi wí lórí fóònù. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá onílé títí ó fi ní kí n dákẹ́. Ti bíríkìlà ló ṣòro, torí pé èdè tí mo lè fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí láàárín wa. Ọmọbìnrin rẹ̀ dàgbà, ó bá a ṣe ìwé, wọ́n sì ti kó lọ sí ìpínlẹ̀ míì. Gbogbo ọdún Kérésìmesì ló máa ń pè mí. Ó máa ń béèrè àwọn ọmọ, èmi náà máa ń béèrè ọmọ rẹ̀ àti orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á tán, Sípáníìṣì mi ti tán tipẹ́. Nígbà náà la ó dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbé fóònù sílẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Ìyàwó mi a máa wò mí, kò mọ ohun tí mò ń gbọ́. Èémí rẹ̀ ni mò ń gbọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìyẹn sì tó mi.